Epo Àfikún Lẹ́yìn Pikọ́ọ̀pù

Láti Òkè-Ògbó n'Ífẹ̀ dé Àbújá, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 500 kìlómítà: Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Kàbà, Lọ́kọ́ja, kí a tó wọ olú-ìlú. Táǹkì Hilux òde òní ń gba 80 lítà. Èyí tó ń lo bẹntiróò nínú wọn máa ń mu lítà 12 sí 13 nínú 100 kìlómítà bí ọ̀nà bá dán díẹ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò sì pọ̀. Táǹkì tó bá kún á gbé e kọjá 600 kìlómítà. Ọkọ̀ náà á dé Àbújá, epo á sì tún kù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ dúró lẹ́bàá títì lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ wo ẹ̀yìn àwọn pikọ́ọ̀pù tó ń jáde nílùú. Ẹ ó rí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi okùn so mọ́ra, tí wọ́n da tapólì bò.

Jíjìn ọ̀nà kọ́ ló fà á. Ohun tó fà á ni pé awakọ̀ ò mọ̀ bóyá òun á rí epo rà níwájú, kò sì mọ iye tí wọ́n á tà á. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n rí i pé bẹntiróò tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí ní methanol tó pọ̀ jù nínú. Wọ́n ní kí wọ́n má tà á mọ́, ìlà ọkọ̀ níwájú ilé epo sì gùn títí kọjá ohun tí ojú lè rí. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ilé epo ti ń ti géètì káàkiri, ìlà sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí, bí ẹ bá ní kó má gbé kẹ́ẹ̀gì dání, kò ní gbọ́ tiyín. N kì í sì í bá a wí. Ẹni tó ń lọ sí abúlé kòkó tí kò sí ilé epo nítòsí, tó ní ẹ̀rọ ìfín-oògùn àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láti lò lóko, dandan ni kó gbé epo. Ohun tí mo fẹ́ kí á mọ̀ ni bí epo náà ṣe ń hùwà nígbà tó bá kúrò nínú táǹkì tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe fún un.

Bẹntiróò fúnra rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ṣàn bí omi, kì í jóná. Oru rẹ̀ ló ń jóná. Oru yìí ni ohun tí à ń gbóòórùn rẹ̀ bí wọ́n bá ṣí ìdérí táǹkì. Gbogbo ohun olómi tó ń jóná ló ní ìwọ̀n ooru kan tí oru rẹ̀ á pọ̀ tó láti gbaná. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ móoru tó nǹkan bíi 38 digírì Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dísù gbọ́dọ̀ kọjá 50. Ti bẹntiróò jẹ́ nǹkan bíi 40 digírì sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti di yìnyín tipẹ́tipẹ́. Ìyẹn ni pé kò sí wákàtí kan nínú ọdún, lóru tàbí lọ́sàn-án, nígbà òjò tàbí nígbà ọyẹ́, tí bẹntiróò tó wà n'Ífẹ̀ ò ti ṣe tán láti gbaná. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ń lo kẹrosíìnì láti kékeré fi máa ń ṣìṣe bó bá kan bẹntiróò. Àwọ̀ wọn jọra, kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n sì ń rọ wọ́n sí, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá.

Oru bẹntiróò tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló máa ń wá, á rọra ṣàn lọ bí ilẹ̀ bá ṣe dà, á wọnú kòtò, á gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Bí ẹnì kan bá ń rọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, tí obìnrin alákàrà kan sì ń dáná ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, oru náà lè dé ìdí ààrò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan. Iná á sì gba ọ̀nà tí oru gbà wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń rọ epo. Àwọn tó yè é máa ń sọ pé iná náà “fò” wá bá àwọn. Kò fò, ohun tó ń jó wà nílẹ̀ látọ̀dọ̀ alákàrà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oru yìí ò kàn ń jó ṣáá. Ó ní ìwọ̀n. Bí oru epo tó wà nínú afẹ́fẹ́ ò bá tó ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, iná ò lè ràn án. Bó bá sì kọjá ìdá 7.6, kò ní jó, torí afẹ́fẹ́ ò tó mọ́. Àárín méjèèjì yìí ni ewu wà. Ẹni tó bá mọ èyí á lóye ohun kan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, pọ́ǹbù tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì, inú táǹkì gan-an ló wà, iná mànàmáná sì ń yí i nínú bẹntiróò. Kì í gbaná, torí oru tó wà lókè epo nínú táǹkì ti pọ̀ ju ohun tó lè jó lọ.

Ẹ wá gbé ìṣirò yìí wọnú ọkọ̀. Inú pikọ́ọ̀pù oníjókòó méjì, níwájú àti lẹ́yìn, gba afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi 3,000 lítà. Kí oru epo tó tó ìdá 1.4 níbẹ̀, bẹntiróò tí kò ju ìdá mẹ́rin lítà kan lọ ló gbọ́dọ̀ gbẹ. Ife omi kan nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ ò dì dáadáa, tí ẹnì kan gbé sẹ́yìn ìjókòó nítorí òjò, tó wá ń kán díẹ̀díẹ̀ láti Iléṣà dé Àkúrẹ́, lè dà tó bẹ́ẹ̀. Gíláàsì wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á sì ti gbọ́ òórùn náà títí imú wọn fi mọ́ ọn lára. Ẹ má gbé bẹntiróò síbi tí èèyàn ń jókòó sí, kódà bó jẹ́ gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù tó ṣí sílẹ̀ sàn jù ú lọ, torí atẹ́gùn á máa gbá oru lọ.

Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀ yìí, òróró ni wọ́n ṣe é fún. Òróró kì í sọ oru, kì í jẹ ọ̀rá kẹ́ẹ̀gì. Bẹntiróò ń wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ara rẹ̀ yọ síta, ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo rí fi ń rùn síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Wáṣà ìdérí rẹ̀ á wú, kò sì ní dì mọ́. Táǹkì ọlọ́ràá tó wà nínú ọkọ̀ òde òní ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é máa ń tẹ́ ìpele mìíràn sáàárín ọ̀rá náà kí epo má baà gba ibẹ̀ jáde.

Ooru tún ń fẹ epo. Bẹntiróò máa ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bí ooru bá fi digírì mẹ́wàá lé sí i. Bí ẹ bá rọ ọ́ kún 25 lítà dé ẹnu láàárọ̀ tí ara epo wà ní digírì 25, tí oòrùn wá pa kẹ́ẹ̀gì náà títí ara rẹ̀ fi tó digírì 45, epo náà á ti fi nǹkan bí ìlàjì lítà pọ̀ sí i. Kò sì sáyè mọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Ìdí nìyí tó fi ń wú, tí ìdí rẹ̀ á yọ bí ikùn, tí epo á máa ta sókè sí ojú ẹni tó bá ṣí i lójijì. Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba 25, ẹ má rọ ju 23 lítà sí i lọ. Bó bá sì ti wú, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó rọra tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn Jámánì ti yanjú ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yìí láti ọdún 1937, nígbà tí wọ́n ṣe kẹ́ẹ̀gì onírin tó ń gba 20 lítà fún àwọn ọmọ ogun wọn. Irin méjì ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó pọ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní lórí, kí ẹnì kan lè gbé e tàbí kí ẹni méjì jọ gbé e. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, tí epo lè fẹ̀ sí, tó sì ń jẹ́ kó léfòó bó bá bọ́ sómi. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń yí: èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á dì pa. Ní aginjù Àríwá Áfíríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gbé epo tiwọn nínú agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jò gan-an, wọ́n pàdánù epo púpọ̀ sínú iyanrìn. Nígbà tí wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì àwọn Jámánì lójú ogun, wọ́n ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri ayé lónìí, láìfi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ẹ bá rí ojúlówó rẹ̀ rà, kò sí ohun èlò mìíràn tó yẹ láti gbé epo sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù tó tó o.

Rírọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì tún ní ewu tirẹ̀ tí ojú ò lè rí. Bí epo bá ń ṣàn gba inú rọ́bà, tó ń dà sínú ohun èlò, iná mànàmáná kékeré máa ń gbára jọ sínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń ta wá nígbà ọyẹ́ bí a bá bọ́ aṣọ tàbí fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá wà nílẹ̀, iná yìí á gba ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wà lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí, kò rọ́nà lọ. Á máa pọ̀ títí ẹnu pọ́ǹbù ilé epo fi kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì, á sì ta pàrà níbi tí oru ti pọ̀ jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tẹ ìkìlọ̀ jáde lórí irú iná bẹ́ẹ̀ gan-an, tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí. Ìwòsàn rẹ̀ ò náni ní kọ́bọ̀: ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, ẹ jẹ́ kí ẹnu pọ́ǹbù kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí epo fi tán, ẹ má sì jẹ́ kó dà wìì. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ má ṣe bí ẹni tó ń kánjú.

Kẹ́ẹ̀gì méjì tó kún wọn nǹkan bíi 37 kílò, torí lítà kan bẹntiróò ò tó kílò kan, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ìyẹn ò tó nǹkan lójú pikọ́ọ̀pù tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ohun tí wọn ò dè mọ́lẹ̀ á fò lọ síwájú pẹ̀lú eré tí ọkọ̀ ń sá. Ẹ dè wọ́n ní ìdúró, mọ́ iwájú àpótí ẹ̀yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Bí kẹ́ẹ̀gì bá sú èèyàn, ohun tó kàn ni táǹkì kejì. Àwọn ará Ọsirélíà ni wọ́n mọ èyí jù, torí aginjù wọn tó gbòòrò, níbi tí ilé epo méjì ti lè jìnnà síra gan-an. Land Cruiser kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Troop Carrier, ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú táǹkì méjì tí wọ́n jọ ń gba 180 lítà. Ilé iṣẹ́ tún wà níbẹ̀ tó ń ṣe táǹkì ńlá tó ń wọ ipò èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ìyẹn ni ọ̀nà tó dáa jù láti fi epo kún epo, torí táǹkì kan ṣoṣo ló ṣì wà, páìpù kan, pọ́ǹbù kan, géèjì kan. Níbi tí irú rẹ̀ ò sí, ọ̀dọ̀ ajórin àdúgbò là ń lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí á bi ajórin ni ibi tó fẹ́ gbé táǹkì náà sí, kí a tó bi í ní iye rẹ̀. Ìtàn kan wà tó kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà kan, nínú ilé ọkọ̀ gan-an, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, ni táǹkì epo pikọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà máa ń wà. Láti ọdún 1973, General Motors gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, níta irin ṣáásì. Àyè pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè ní méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n sì jọ gba nǹkan bíi 150 lítà. Àwọn tó ń rìn jìnnà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, táǹkì ló kọ́kọ́ ń bá, á sì há sáàárín ọkọ̀ tó gbá a àti irin ṣáásì, á bẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ìkọlù ọkọ̀ ì bá má pa ni iná pa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí dé 1987. Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là lé ilé iṣẹ́ náà lórí nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jóná mọ́ inú ọ̀kan nínú wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn padà fagi lé e. Ní oṣù Kejìlá 1994, ilé iṣẹ́ náà gbà láti ná ohun tó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là sórí ètò ààbò, ìjọba Amẹ́ríkà sì pa ìwádìí tó ń ṣe lórí àwọn ọkọ̀ náà dé láì ní kí wọ́n kó ọkọ̀ kankan padà.

Ẹ̀yìn pátápátá náà ò dáa. Àwọn kan máa ń yọ sípíà táyà kúrò lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè gbé táǹkì sí ipò rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni táńkà tàbí tírélà tí búréèkì rẹ̀ já máa kọ́kọ́ tẹ̀ pọ̀. Ford Pinto, ọkọ̀ kékeré Amẹ́ríkà tí táǹkì rẹ̀ wà lẹ́yìn áṣù, jóná lọ́nà yìí títí Ford fi kó ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ padà lọ tún ṣe ní 1978. Àyè tó dáa ni àárín irin ṣáásì méjèèjì, níwájú áṣù ẹ̀yìn, jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Bí àyè ò bá sí níbẹ̀, kó wà nínú àpótí ẹ̀yìn, kó fara ti ilé awakọ̀, kí wọ́n fi bóòtù dì í mọ́ irin ṣáásì, torí páànù ilẹ̀ àpótí lásán ò lè mú un dúró.

Iṣẹ́ ajórin fúnra rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ń lọ. Táǹkì tí wọ́n ti lò rí, tó ti gbẹ, tí kò sí ẹ̀kán epo kan nínú rẹ̀ lójú, léwu ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún, oru rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ohun tó lè jó. Èyí tó gbẹ, oru tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti bọ́ sáàárín ìdá 1.4 sí 7.6 yẹn. Epo sì ń lúgọ sínú ìpẹta àti ibi tí irin ti kan irin, ooru iná ajórin ló máa ń lé e jáde. Mo dúró wo ajórin kan tó mọṣẹ́ ní Òkè-Ògbó. Wọ́n gbé táǹkì tó ń jò wá fún un, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ń kánjú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ ṣe kàn jó o ná? Ó ti gbẹ, ọjọ́ mẹ́rin ló ti wà nínú oòrùn.” Ajórin ò dá a lóhùn. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó dà á nù, ó tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yí táǹkì náà títí ojú ibi tó ń jò fi wà lókè, ó ní kí ọmọṣẹ́ máa fa omi wá. Ó rọ omi títí kò fi ku ju ìbú ìka méjì lọ láàárín omi àti ibi tó fẹ́ jó, ó sì ṣí ẹnu táǹkì sílẹ̀ kí èémí lè jáde. Ìgbà náà ló tó wọ gíláàsì rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó kún, ọ̀gá,” ló ní. “Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló ń pani.” Ohun tí ìwé kẹ́mísìrì ń kọ́ni ló sọ yẹn.

Táǹkì tuntun ni kí wọ́n fi irin tuntun ṣe, kì í ṣe kí wọ́n gé dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì àlòkù. Nínú rẹ̀, kí wọ́n jó irin tó ní ihò bíi mélòó kan dábùú rẹ̀, torí bí táǹkì bá kù sí ìlàjì, tí awakọ̀ tẹ búréèkì, gbogbo epo á sáré lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lórí kọ́nà. Nígbà tó bá parí, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa ojú gbogbo ibi tí wọ́n jó, bí fọkanáísà ṣe ń wá ihò tíúbù. Ibi tí ìfófò bá ti yọ, ibẹ̀ ló ń jò.

Táǹkì gbọ́dọ̀ mí. Bí epo bá ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pọ́ǹbù á máa fà, epo ò ní wá. Ṣùgbọ́n ihò ìmí yìí ò gbọdọ̀ jẹ́ ihò lásán tí wọ́n lu sórí ìdérí, torí bí ọkọ̀ bá dojú dé, ibẹ̀ ni gbogbo epo máa gbà jáde. Fáàfù kékeré kan wà fún un tó máa ń dì fúnra rẹ̀ bí táǹkì bá yí, ó wà lára táǹkì gbogbo ọkọ̀ òde òní. Ẹ lè rí i lára táǹkì tòkunbọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lo táǹkì kejì ni kí pọ́ǹbù kékeré oníná máa gbé epo inú rẹ̀ lọ sínú táǹkì àkọ́kọ́, kí awakọ̀ sì máa tẹ̀ ẹ́ bó bá rí i lórí géèjì pé àkọ́kọ́ ti lọ sí ìlàjì. Bó bá gbàgbé láti pa á, epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á máa dà sórí títì lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ ní kí rẹ́wáyà fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì, kó sì fi iná pupa kan sí iwájú yín tí á máa tàn níwọ̀n ìgbà tí pọ́ǹbù bá ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà rẹ̀ kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún epo. Rọ́bà omi á wú, á rọ̀, á sì bẹ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì mìíràn máa ń ní kí ẹ́ńjìnnì fa epo tààrà láti inú táǹkì kejì, kí wọ́n fi fáàfù kan yí i láti ìhín sí ọ̀hún. Ó dáa, bí wọ́n bá rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pàápàá ti dísù, gbogbo epo tó lọ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń lò. Èyí tó kù ń padà wá sínú táǹkì. Bí fáàfù bá yí ọ̀nà àlọ tí kò yí ọ̀nà àbọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo láti inú kejì, á máa dá a padà sínú àkọ́kọ́, títí àkọ́kọ́ á fi kún ya. Awakọ̀ á rò pé ọkọ̀ òun ti di ọ̀mu, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló ń mu epo náà.

Ìyàtọ̀ owó epo láàárín wa àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tún sọ táǹkì ńlá di òwò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó bẹntiróò wa rọ̀ ju tiwọn lọ, àwọn èèyàn sì ń gbé e kọjá Sèmè àti Ìgòlò nínú kẹ́ẹ̀gì, lórí ọ̀kadà, àti nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ táǹkì rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n ń pè é ní kpayo lọ́hùn-ún, inú ìgò gíláàsì ni wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì láti Kútọnu dé Pọ́tónófò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè wa pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò jìnnà ju 20 kìlómítà sí ibodè. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní Sèmè lápá ọ̀dọ̀ Bẹ̀nẹ̀, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, ó sì pa ohun tó lé ní ọgbọ̀n èèyàn. Ilé tí kẹ́ẹ̀gì kún inú rẹ̀ kì í fún ẹni tó wà níbẹ̀ láyè láti sá, torí oru ti wà nílẹ̀ káàkiri kí iná tó dé.

Ó ku fífi ẹnu fa epo. Gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dání ló mọ̀ ọ́n: wọ́n á ki rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á fẹnu fà á, wọ́n á sì tutọ́ bó bá dé ẹnu. Bẹntiróò fẹ́lẹ́ gan-an, kì í dúró lójú kan. Bó bá kan ọ̀nà ọ̀fun, ó lè yọ́ wọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kí ẹni náà tó mọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, á tàn kálẹ̀, á sì ba ohun tó ń jẹ́ kí àpò kéékèèké inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún èémí jẹ́. Ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ ló tó láti dá ẹ̀dọ̀fóró lágbára. Fún àwọn ọmọdé tó ń mu kẹrosíìnì tàbí bẹntiróò nínú ife tàbí ìgò tí àgbà gbé sílẹ̀, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ ra pọ́ǹbù ọlọ́wọ́, èyí tó rí bí bọ́ọ̀lù rọ́bà, wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Tàbí kí ẹ lo àrọ ẹlẹ́nu gígùn. Ẹ má sì rọ epo sínú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé.

Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé epo pupa ni kí á fún ẹni tó bá gbé bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì mì, kó lè bì í. Àwọn dókítà ń bá ìgbàgbọ́ yìí jà lójoojúmọ́, wọ́n sì jàre. Ohun tó wà nínú ikùn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Èébì ló ń gbé epo gòkè padà, tó ń fún un láyè ẹ̀ẹ̀kejì láti wọ ẹ̀dọ̀fóró, epo pupa fúnra rẹ̀ sì lè bá a wọ ibẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní omi iyọ̀, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kó tutọ́ ọ dànù. Bó bá ń wúkọ́, tí ó ń mí kánkán, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Kódà bí kò bá tíì wúkọ́, bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ gbé e lọ, torí àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró yìí lè gba wákàtí díẹ̀ kó tó fara hàn. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò náà dání, kí ìdérí rẹ̀ dì, kí dókítà lè rí i bóyá bẹntiróò ni, kẹrosíìnì ni, tàbí oògùn apakòkòrò tí wọ́n pò mọ́ epo nínú oko kòkó, torí ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà.